Orúkọ Ọmọ Yín Lára Páálí Adìyẹ Díndín

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ lásán lójú àwọn kan nínú yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òbí ni. Orí orúkọ ni ó dá lé, àwa òbí ni a sì ń sọ ọmọ lórúkọ.

Ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ kan wà tí ó ń jẹ́ Runza. Ìlú Lincoln ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1949. Irú ilé oúnjẹ tí èèyàn ń wọ̀, tí yóò sanwó, tí wọn yóò sì gbé oúnjẹ lé e lọ́wọ́ kí ó tó mí kanlẹ̀ ni, bí Mr Bigg's ti rí lọ́dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti jẹ míìtì páì rí: búrẹ́dì ni, tí wọ́n ki ẹran màlúù lílọ̀, kábéèjì àti àlùbọ́sà sí nínú. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ti gbé ilẹ̀ Rọ́ṣíà rí ni wọ́n gbé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dé agbègbè náà. Ní oṣù Keje ọdún 2021, Runza kéde pé àwọn yóò bá 100 akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe eré ìdárayá tọwọ́ bọ̀wé, àwọn 100 tí wọ́n bá kọ́kọ́ dáhùn, láti ilé ẹ̀kọ́ gíga yòówù ní Nebraska, nínú eré yòówù. Iṣẹ́ wọn ni láti bá ilé oúnjẹ náà polówó ètò orí fóònù tí àwọn oníbàárà fi ń gba ẹ̀bùn.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Kì í ṣe àwọn gbajúmọ̀ tí ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́jọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n pè. Ọmọbìnrin tí ń sáré ọ̀nà jíjìn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan, tí àwọn tí ń wò ó kò ju àwọn òbí rẹ̀ àti ajá wọn lọ, òun náà lè forúkọ sílẹ̀.

Lọ́dún kan náà, Bojangles, tí wọ́n ti ń ta adìyẹ díndín láti ọdún 1977 ní Charlotte, ní North Carolina, bá ọmọkùnrin méjì tọwọ́ bọ̀wé: D.J. Uiagalelei ti yunifásítì Clemson àti Sam Howell ti yunifásítì North Carolina. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wọn nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré. Ní Arkansas, ilé ẹran sísun kan tí ń jẹ́ Wright's Barbecue mú àwọn géńdé tí ń dúró níwájú láti fi ara dí ọ̀nà fún ọ̀tá, àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í rántí orúkọ wọn nígbà tí eré bá parí. Inú mi dùn sí èyí púpọ̀. Ta ni ó tún yẹ kí ó jẹ́rìí sí ẹran sísun ju àwọn ọmọ tí ìwọ̀n ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tó ti àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta?

Ohun tí wọ́n ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe kò ta kókó. Ọmọ náà yóò ya àwòrán pẹ̀lú oúnjẹ, yóò gbé e sí Instagram. Ó lè wá jókòó nínú ilé oúnjẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kan kí àwọn ọmọdé wá gba ìbuwọ́lùwé rẹ̀. Wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ pe oríṣi oúnjẹ kan. Òun yóò gba owó, tàbí káàdì tí yóò máa fi jẹun, tàbí díẹ̀ lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tí ó bá lo orúkọ rẹ̀ láti fi rajà. Ilé oúnjẹ náà kò ní owó tí yóò fi pe gbajúmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì nílò rẹ̀. Àwọn tí ń gbé ní ìrìn ìṣẹ́jú ogún sí ìsọ̀ rẹ̀ ni ó ń wá, ọmọ yìí sì ni àwọn wọ̀nyẹn mọ̀.

Síbẹ̀, títí di ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2021 yẹn, bí ọmọ kan bá gba ẹyọ dọ́là kan péré nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n lè lé e kúrò nínú eré.

BÍ WỌ́N ṢE SỌ OÚNJẸ DI ÈÈWỌ̀

Ẹgbẹ́ tí ń ṣòfin fún eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ni NCAA, láti ọdún 1906 ni ó sì ti wà. Òfin tí ó dì mú jù lọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gba owó nítorí eré. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ibùsùn àti oúnjẹ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó tán. Ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n hun ọ̀rọ̀ kan pọ̀ tí ó túmọ̀ sí “akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá”, wọ́n sì ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa lò ó. Walter Byers, ẹni tí ó darí NCAA láti 1951 títí di 1988, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó kọ lẹ́yìn tí ó fẹ̀yìn tì pé nítorí kí wọ́n má baà ka àwọn ọmọ náà sí òṣìṣẹ́ ni àwọn ṣe hun ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ni ó ń bà wọ́n. Ní ọdún 1955, Ray Dennison fara pa nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Colorado, ó sì kú. Opó rẹ̀ béèrè owó tí òfin là sílẹ̀ fún ìdílé òṣìṣẹ́ tí ó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1957, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sọ fún un pé kò tọ́ sí i, nítorí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe oníṣòwò bọ́ọ̀lù.

Bí owó tí ń wọlé láti inú bọ́ọ̀lù yìí ti ń pọ̀ sí i tó, tí tẹlifíṣọ̀n dé tí ó sì sọ ọ́ di òwò ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin nípa ohun tí ọmọ lè gbà ń le sí i. Ẹ ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni: ìgbà kan wà, kí ó tó di ọdún 2013, tí ilé ẹ̀kọ́ lè fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní èso, ẹ̀pà àti búrẹ́dì róbótó kan tí wọ́n ń pè ní bágẹ̀lì láàárín àsìkò oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan pa á. Bí wọ́n bá ti fi wàràkàṣì rírọ̀ pa á, ó ti di oúnjẹ gidi nìyẹn, òfin sì ti ṣẹ̀. Àwọn àgbàlagbà jókòó yí tábìlì ká, wọ́n jíròrò, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí a óò ti jẹ búrẹ́dì.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Shabazz Napier, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù agbọ̀n pẹ̀lú yunifásítì Connecticut, sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn alẹ́ kan wà tí òun ń fi ebi sùn, pé ó sì máa ń dun òun nígbà tí òun bá rí i tí wọ́n ń ta aṣọ eré òun. Ariwo ta. Nínú oṣù yẹn kan náà ni NCAA fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá lè máa bọ́ àwọn ọmọ náà láìsí gbèdéke. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá, ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ilé oúnjẹ òpópónà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì lè fún ní abọ́ oúnjẹ kan lọ́fẹ̀ẹ́ láìfi òfin gún un lójú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ tiwa náà. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí a bí sí Èkó, lọ sí yunifásítì Houston ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ó bá wọn dé ìdíje àṣekágbá ní 1983 àti 1984. Gbogbo Houston mọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò kan ní ìlú yẹn tí ó lè fi àwòrán rẹ̀ polówó kí ó sì fún un ní kọ́bọ̀ títí ó fi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Tobi Amusan láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 gba àmì ẹ̀yẹ eré sísá onífífo ohun ìdènà tí ó yá jù lọ láyé ní ọdún 2022, abẹ́ òfin kan náà ni òun náà wà nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní El Paso, ní Texas, tí ó sì borí gbogbo yunifásítì ní 2017. Lọ́dún 2017 yẹn gan-an ni wọ́n ní kí ọmọ kan tí ń ta bọ́ọ̀lù ní yunifásítì kan ní Florida, Donald De La Haye, yan ọ̀kan nínú méjì: bọ́ọ̀lù rẹ̀ tàbí owó tí ó ń rí lórí àwọn fídíò tí ó ń ṣe fún YouTube. Ó kọ̀ láti jọ̀wọ́ fídíò, ó sì pàdánù ààyè rẹ̀ nínú ẹgbẹ́.

Ẹni tí ó ṣí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni Ed O'Bannon, tí ó ti gba ife ẹ̀yẹ fún yunifásítì UCLA ní 1995. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nílé, ni ọmọ ọ̀rẹ́ náà bá fi ara rẹ̀ hàn án nínú géèmù tí wọ́n ń fi tẹlifíṣọ̀n ṣe: gíga rẹ̀, awọ ara rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, bí ó ti ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti ń ta á, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2009, adájọ́ Claudia Wilken sì dá a láre ní 2014. Ní 2019, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin pé ọmọ ni ó ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ lòdì sí NCAA nínú ẹjọ́ mìíràn tí ó jẹ mọ́ àǹfààní ẹ̀kọ́, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì fohùn ṣọ̀kan. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn èyí, ọjọ́ kìíní oṣù Keje, NCAA ṣí ilẹ̀kùn: ọmọ lè fi orúkọ, àwòrán àti ìrísí rẹ̀ ṣòwò.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ojúkòkòrò ni, pé owó ti ba eré ọmọdé jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó ti wà nínú eré náà tipẹ́tipẹ́. Olùkọ́ni ń gba mílíọ̀nù, tẹlifíṣọ̀n ń gba tirẹ̀, ẹni tí ń rán aṣọ ń gba tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí a ní kí ó máa ṣe é nítorí ìfẹ́ ni ọmọ tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe èrò wá. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé pé kí ó má jalè, ẹ má tún sọ fún un pé ìwà mímọ́ ni kí a máa jí tirẹ̀.

OWÓ KÉKERÉ ÀTI OWÓ ŃLÁ

Láàárín gbogbo owó tí ó tú jáde lẹ́yìn 2021, ti ilé oúnjẹ àdúgbò ni mo fẹ́ràn jù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olówó tí wọ́n fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan tàbí òmíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í da owó pọ̀. Wọn yóò pè é ní owó ìpolówó, ṣùgbọ́n kò sí ọjà kankan tí wọ́n ń tà. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ yìí wá sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni. Ẹni tí ń ta adìyẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Adìyẹ ni ó fẹ́ tà. Bí èrò bá wá nítorí ọmọ náà, a ó rí i nínú dúrọ́ọ̀ owó rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí wọn kò bá wá, yóò dákẹ́ kò ní pè é mọ́. Òwò tí ó ní ìsàlẹ̀ nìyẹn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, adájọ́ Wilken kan náà fọwọ́ sí àdéhùn ńlá kan. Nínú rẹ̀, wọn yóò san nǹkan bí 2.8 bílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tí wọ́n ti ṣe eré láti ọdún 2016 wá láìgba nǹkan kan, ọdún mẹ́wàá ni wọn yóò sì fi san án. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn lè máa sanwó fún àwọn ọmọ báyìí, wọ́n sì fi nǹkan bí 20.5 mílíọ̀nù dọ́là ṣe gbèdéke fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́. Àdéhùn tí ó bá ju 600 dọ́là lọ pẹ̀lú ẹni ìta, ọmọ gbọ́dọ̀ fi í hàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òwò gidi ni, àti bóyá iye tí wọ́n san bá iṣẹ́ náà mu. Àwọn olówó tí ń da owó pọ̀ ni ìbéèrè yìí ń ká lára. Ẹni tí ń ta adìyẹ, kí ni ó ń bẹ̀rù? Ìsọ̀ rẹ̀ nìyí, adìyẹ rẹ̀ nìyí, àwòrán ọmọ náà nìyẹn lójú fèrèsé.

Ìdí kejì ni pé owó kékeré a máa kọ́ ọmọ ní ohun tí owó ńlá kò ní dúró kọ́ ọ. Ọmọ tí ó gba 500 dọ́là yóò mọ bí a ti ń dé lásìkò, bí a ti ń kọ̀wé sí oníṣòwò, bí a ti ń sọ pé rárá. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí inú mi dùn sí gan-an. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí wọ́n sanwó fún láti yin ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó hàn gbangba pé wọ́n sanwó fún òun, ohun tí ó bá sì sọ nípa ọjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èrò ọkàn rẹ̀ ní tòótọ́. Nítorí náà, bí ọmọ yín kì í bá jẹ oúnjẹ náà, tí olùkọ́ni rẹ̀ ti kà á léèwọ̀ fún un nítorí òróró, kí ó má lọ máa sọ fún àwọn ọmọdé pé oúnjẹ yìí ni ó ń fún òun lágbára. Àwọn ọmọdé a máa gbàgbọ́.

KÍ A TÓ TỌWỌ́ BỌ̀WÉ

Ibí gan-an ni mo ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé bí a bá ti rí ìwé tí ó ní àmì ilé iṣẹ́ lórí, ayọ̀ kò ní jẹ́ ká kà á. Ọmọ á pe bàbá lórí fóònù, “Dádì, wọ́n ti fún mi ní díìlì o,” bàbá á ní “Olúwa ṣeun,” ó parí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí ọmọ fi ìwé náà ránṣẹ́ kí ẹ kà á láti òkè délẹ̀, kí ẹ sì wá bí ó ti sọ̀rọ̀ nípa àkókò.

Àkókò ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá sọ pé kí n lo orúkọ ọmọ yín fún oṣù mẹ́ta, yíyá ni ó yá a. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun lè máa lo àwòrán náà títí láé, níbikíbi, lọ́nàkọ́nà, rírà ni ó rà á, ì báà jẹ́ àwo adìyẹ kan ni ó fún un. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá, kí ọmọ ti di dókítà, kí ojú rẹ̀ ṣì wà lára páálí. Àwọn ilé oúnjẹ mìíràn tún máa ń fi sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn tí ń ta oúnjẹ ṣòwò. Ìyẹn kò burú bí iye owó bá tó o, ṣùgbọ́n 200 dọ́là kò tó ti ẹnu gbogbo ilé oúnjẹ ìlú pa.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo ayé ti gbọ́. Ní 2022, Gervon Dexter, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Florida, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Big League Advance. Wọ́n fún un ní 436,485 dọ́là. Òun náà gbà láti fún wọn ní ìdá 15 nínú 100 owó tí yóò máa gbà lẹ́nu bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó yọ owó orí, fún ọdún 25. Ní 2023, àwọn Chicago Bears mú un sínú ẹgbẹ́ wọn, lọ́dún náà ni ó sì lọ sí ilé ẹjọ́ pé àdéhùn náà kò bófin mu. Mo mọ̀ pé orúkọ Ísọ̀ ti wá sí yín lọ́kàn, ó wá sí èmi náà lọ́kàn. Kò sí ilé oúnjẹ àdúgbò tí yóò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ka ìwé 300 dọ́là kò ní ka ti 400,000.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Matthew Sluka, tí ń ju bọ́ọ̀lù fún yunifásítì kan ní Las Vegas, fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdíje mẹ́ta péré tí wọ́n sì borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣojú rẹ̀ sọ pé olùkọ́ni kan ṣèlérí 100,000 dọ́là fún un lẹ́nu, wọn kò sì san án. Ilé ẹ̀kọ́ náà sọ pé ohun tí wọ́n ń béèrè lòdì sí òfin. Ta ni ó jàre? Èmi kò sí níbẹ̀, kò sì sí ìwé tí a lè kà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbọ́ “má ṣèyọnu, a ó tọ́jú rẹ”, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó orí. Èyí ni ó ń ká àwọn ọmọ mọ́ jù lọ. Ilé oúnjẹ kò ní yọ owó orí kúrò nínú owó tí ó fún ọmọ, nítorí pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni. Lójú òfin, oníṣòwò tí ń dá ṣiṣẹ́ ni ọmọ náà. Bí èrè rẹ̀ lọ́dún bá ti tó 400 dọ́là, ìjọba àpapọ̀ ń béèrè ìdá 15.3 nínú 100 lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì àti ìlera àwọn tí ń dá ṣiṣẹ́, kí a tó sọ ti owó orí gbogbogbòò. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú o! Káàdì tí ó fi ń jẹ adìyẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́fà, owó ni lójú àwọn agbowó orí, iye tí ó tó ni wọn yóò sì kà sí i lọ́rùn. Ọmọ ti jẹ adìyẹ tán, egungun ti wọ inú ìdọ̀tí, ìwé owó orí wá dé. Kí ó máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú gbogbo ohun tí ó bá gbà, kí ó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Bí ó bá ń gba ìrànlọ́wọ́ owó ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fún ìdílé tí kò ní lọ́wọ́, kí ó béèrè bóyá owó yìí yóò dín in kù.

Ó ku àwọn kan tí mo ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀yin òbí ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Kútọnu, tí ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí pé ó lè sáré tàbí pé ó ga. Físà tí wọ́n ń pè ní F-1 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Físà yẹn gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Iṣẹ́ ìta gba ìyọ̀ǹda pàtàkì. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá, fún àwọn tí a bí sí Amẹ́ríkà tàbí tí wọ́n ti ní ìwé ìgbélùú ni. Ọmọ tí ń lo F-1 tí ó bá jókòó nínú ilé oúnjẹ láti bá wọn polówó lè pàdánù físà rẹ̀, oúnjẹ ọ̀fẹ́ pàápàá sì lè jẹ́ owó ọ̀yà lójú àwọn aṣọ́bodè.

Kì í ṣe àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ni èyí dè mọ́lẹ̀. Zach Edey, ọmọ Kánádà tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dára jù nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n yunifásítì ní 2023 àti ní 2024, kò lè gba ohun tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí kò tó o ń gbà. Oscar Tshiebwe láti orílẹ̀-èdè Kóńgò, tí wọ́n yàn ní 2022 nígbà tí ó wà ní yunifásítì Kentucky, dúró títí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lọ ṣe eré ní erékùṣù Bahamas ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ibẹ̀, lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ni ó ti ya àwòrán, tí ó sì ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún. Àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n tọ́ ọ sọ́nà, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì mọ̀ sí i.

Bí ilé oúnjẹ kan bá kọ̀wé sí ọmọ yín lórí fóònù lọ́la pé kí ó wá jẹun kí ó sì ya àwòrán, kí ó má tíì dáhùn. Gbogbo yunifásítì ni ó ní ọ́fíìsì tí ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wá láti òkè òkun. Ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ gbé fóònù náà lọ, kí ó fi ìwé tí wọ́n kọ sí i hàn wọ́n, kí ó sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀.